Ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ kòkòrò àgbàdo láàárín Ìmẹ̀kọ àti Kétu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè pé kí ni èrè ìwádìí tí Nàìjíríà, Benin, Tógò àti àwọn yòókù ní àwọn ń jùmọ̀ ṣe lórí kòkòrò, nígbà tí àgbàdo yín ṣì ń ṣòfò lóko, ẹ kú ìfaradà. Ó ń dunni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ìpàdé àti ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì lásán ni ìwádìí náà, n kò bá yín lọ níbẹ̀. Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo ti ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́; Kétu, lábẹ́ ìjọba Benin, ni bàbá ìyàwó mi ti ń dáko tirẹ̀.

Kòkòrò tẹ́ ẹ ń wí yẹn, èyí tó ń jẹ ewé àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2016 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà níbí. Lọ́dún kan náà ló jáde ní Benin àti Tógò. Kí 2018 tó jìnnà, ó ti wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 40. Àfòpiná tó ń yé e lè fò tó kìlómítà 100 lóru ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ Ìmẹ̀kọ sí Kétu kò tó ìdajì ìyẹn. Bí mo bá fín oko mi mọ́ tónítóní, tí àwọn ará òdìkejì kò sì ṣe nǹkan kan, owó oògùn mi wọgbó nìyẹn. Ojú wa rí i. Oògùn tí wọ́n ṣèlérí pé wọ́n máa pín fún wa tiẹ̀ dé nígbà tí àgbàdo ti yọmọ.

Kétu ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Àwọn olùwádìí kan lọ sí abúlé àna mi, wọ́n bá wọn wọnú oko, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yẹ àgbàdo wò. Alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ìwé tí wọ́n pín fún wọn, Faransé. Èyí tí wọ́n ń pín fún wa, Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá fi Yorùbá sọ ọ́, ó yé tọmọdé tàgbà. (Ká ní àwọn onímọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára láàárín àna sí àna ni!)

Ẹ wo kòkòrò náà dáadáa: àmì bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò wà níwájú orí rẹ̀, tótótó dúdú 4 sì tò ní igun mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Àárín ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló máa ń sá sí bí oòrùn bá mú, torí náà ẹni tó bá ń fín oògùn lọ́sàn-án gangan, ewé lásán ló ń fín. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹyin rẹ̀ máa ń wà pọ̀ lójú kan lára ewé, ó lè ju 100 lọ, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì bò ó. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. A tún ń bu eérú sí àárín ewé náà. Kì í pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ń ran ni lọ́wọ́ bí kòkòrò bá ṣì kéré.

Ẹ má sì máa fín oògùn ní gbogbo ìgbà. Agbọ́n tíntín kan wà, Telenomus remus, inú ẹyin àfòpiná yìí ló ń yé tirẹ̀ sí, tí ẹyin náà kò fi ní pa. Àwọn olùwádìí ti rí i ní Benin, Niger, Côte d'Ivoire, títí dé Kẹ́ńyà. Oògùn ń pa òun náà.

Bí ẹ bá rò pé agbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan, ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ní nǹkan bí 1973, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà balẹ̀ sí agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ẹ̀gẹ́ a ká jọ, igi rẹ̀ a lọ́, kò ní ṣeé gbìn. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kò dá a jà. Tony Bellotti, ará CIAT, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kòlóńbíà, ló rí kòkòrò náà ní Paraguay ní 1981. Wọ́n mú agbọ́n tó ń pa á níbẹ̀, wọ́n gbé e gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tilẹ̀ fi bàálù tú u sílẹ̀ láwọn ibì kan. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba World Food Prize, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn tó mú kí oúnjẹ pọ̀ sí i láyé, ní 1995. Agbọ́n náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan.

Ibi tó ń kọ mí lóminú ni igi ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí WAVE lórí àrùn ẹ̀gẹ́, tí olú rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire, tó sì ní ẹ̀ka ní Covenant University ní Ọ̀tà, ń tọpa àrùn mosaic, èyí tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Eṣinṣin funfun ń gbé àrùn náà kiri, àwa náà sì ń fi ọ̀kadà gbé e. Ẹnì kan á rí ẹ̀gẹ́ tó ta dáadáa ní Kétu, á di igi rẹ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú kó tó dé Ìmẹ̀kọ. Òfin ní ká gba ìwé ẹ̀rí. Ta ló ń gbà á nítorí ìdì igi kan? Bẹ́ẹ̀ àrùn burúkú mìíràn wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Kóńgò, tí ewé lè dára lójú, tí ẹ óò sì la ẹ̀gẹ́ kẹ́ ẹ bá inú rẹ̀ tó ti jẹrà, tó ti gbẹ, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Igi tí mo bá máa gbìn, mo ti ń so okùn mọ́ ọn bí àmì nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, torí bí ewé bá ti wọ́ tán, igi tó yá àti igi tó ń ṣàìsàn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú.