Kọ orúkọ afunfèrè sílẹ̀ kí orin náà tó jáde

Àbúrò mi, o béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí o fi ṣáájú Àyájọ́ Olólùfẹ́, ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kí o tó fi orin ìfẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí alágbàtà tí yóò gbé e sórí ayélujára, èyí tí o ṣe ní ìlànà sóòlù àtijọ́, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Èmi náà ti gbé irú rẹ̀ jáde láti Surulere, ọkàn mi sì tún máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá gbọ́ ọ. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́: ta ni ó fun fèrè inú orin rẹ, kí ni ẹ sì jọ kọ sílẹ̀?

Ní tèmi, ìwé kankan kò sí láàrin wa. Afunfèrè méjì ni mo pè sí sítúdíò kan ní Mushin, mo sì fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Òru ni a ṣiṣẹ́, nítorí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò máa ń wọ inú ẹ̀rọ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tí ó wà láàrin ohùn olórin àti ìdáhùn fèrè ni adùn orin sóòlù wà. Ẹni tí ó fun tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó ronú kan ohùn tí a fi ṣí orin náà, ohùn yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn sì fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó rí i pé kò sí orúkọ òun níbẹ̀, ó fi ẹjọ́ sun alágbàtà tí ó gbé orin náà sórí ayélujára, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ kẹta. Inú bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni ó jàre. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Funk Brothers, ẹgbẹ́ òṣèré inú sítúdíò, ṣe lu ohun èlò sínú orin ilé-iṣẹ́ agbórin-jáde Motown ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orúkọ wọn lára àwo.

Oṣù márùn-ún ni mo fi sáré kiri kí wọ́n lè dá orin náà padà. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó dá mi padà ní ìgbà mẹ́fà. N ó ti la Third Mainland Bridge kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tán kí wọ́n tó sọ fún mi pé ọ̀gá kò sí níjòókòó. Agbẹjọ́rò kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní àìforúkọsílẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ní ẹ̀tọ́ lórí orin náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ (copyright) ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, kò sọ ìforúkọsílẹ̀ di dandan. Níkẹyìn, èmi àti afunfèrè náà jókòó ní Ojúẹlẹ́gba, a kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo pé ìdámẹ́rin orin náà jẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Wákàtí kan ni ó gbà wá.

O tún sọ pé o gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti inú àwo Amẹ́ríkà kan. Yọ ọ́. Àṣẹ méjì ni yóò gbà: ti ẹni tí ó ni orin tí a kọ, àti ti ẹni tí ó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ni ìlànà sóòlù fúnra rẹ̀, nítorí náà ní kí àwọn afunfèrè rẹ fun tiyín.

Ní ti àkókò, Spotify, ojú òpó tí a ti ń gbọ́ orin, ń fẹ́ kí o fi orin han àwọn olùyan-orin wọn ó kéré tán ní ọjọ́ 7 ṣáájú, ṣùgbọ́n alágbàtà máa ń falẹ̀. Fi orin náà ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Àwòrán iwájú orin àti WAV, fáìlì ohùn orin náà, kò le. Bí afunfèrè rẹ bá ti kúrò ní Èkó, fi àdéhùn náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lónìí, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì dá a padà kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.