Ṣé ọ̀tá ni "rival"?

Ọmọbìnrin kan tí ó ń múra ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín ni ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kí wọ́n túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ọ̀rọ̀ náà "rival" wà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ báyìí pé: "Ọ̀tá rẹ̀ nínú eré ìje ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan." Ó fúnra rẹ̀ rí i pé gbólóhùn náà kò dùn létí, ó wá béèrè ohun tí "rival" jẹ́ gan-an, àti ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni ó lè dúró fún un. Ọ̀tá kọ́ ni ìdáhùn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti máa pe gbogbo ẹni tí ó ń bá a du nǹkan ní ọ̀tá, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ wọ́n di ọ̀tá lóòótọ́.

Láti inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Rivus ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe odò kékeré, rivalis sì ni ẹni tí òun àti ẹlòmíràn jọ ń lo omi ìṣàn kan ṣoṣo. Aládùúgbò ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí omi bá fà, tí ẹni tí ó wà lókè odò bá dí i mọ́ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́, ìjà a dé. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń lò ó fún ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin kan náà, kí ó tó wá wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kódà, lẹ́yìn tí ó ti wọ ibẹ̀, William Shakespeare ṣì lò ó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń ṣọ́ òru, tí kò sí gbólóhùn asọ̀ kankan láàárín wọn. Ohun tí a jọ ń lò ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ìjà kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà láti lóye.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní, orogún ni ó sún mọ́ ọn jù. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ ọkọ kan ni orogún ara wọn: ilé kan, ọkọ kan, nígbà mìíràn ààrò kan. Ohun tí wọ́n jọ ni gan-an ni ó ń fa owú. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Hánà nínú Bíbélì Yorùbá yóò rí i pé orogún rẹ̀ ni wọ́n pe Pẹ̀nínà, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí alátakò, tí àwọn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ìgbà tiwa yìí sì wá lo "rival". Ní tèmi, àwọn tí wọ́n túmọ̀ ti Yorùbá ni wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà kedere jù, nítorí wọ́n mọ bí ilé olórogún ti ń rí.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pẹ̀lú pé a kì í sábà fi orogún pe ènìyàn lójú ara rẹ̀. Ìyàwó a máa pe ìyálé ní "ìyálé mi", tàbí kí ó fi orúkọ ọmọ pè é. Ìyálé náà a máa ní "ìyàwó mi". Ẹ̀yìn ni a ti sábà máa ń dárúkọ orogún, tàbí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná. Síbẹ̀, òwe tí ó ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó fi hàn pé ìpín kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ, owú ìbáà wà tàbí kí ó má sí.

Ní ọjà ẹja tí ó wà ní Olúwo, àwọn ìyá méjì kan wà tí àtẹ wọn kọjú síra, òbòkún ni àwọn méjèèjì sì ń tà. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí èkínní ta mẹ́rin fún mi, méjì péré ni ó kù nínú abọ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó rìn dé ìdí àtẹ èkejì, ó mú méjì, ó fi omi ṣàn wọ́n, ó kó wọn mọ́ tèmi. Bí mo ti sanwó tán ni ó ka owó ẹja méjì sọ́tọ̀, tí ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọpọ́n onítọ̀hún. Mo béèrè bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó ní, "Rárá o, orogún mi ni," ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjà ni ọkọ tí wọ́n jọ ń fẹ́. Bí ó bá ní ọ̀tá òun ni, ẹ̀rín yẹn kò ní tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n orogún kò ṣeé lò níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ó sì gbé owú lọ́wọ́, nítorí náà kò ní bójú mu nínú lẹ́tà ilé iṣẹ́ tàbí nínú ìròyìn ìdìbò. Abánidíje ni ó yẹ níbẹ̀: ẹni tí ó ń bá ni díje, gẹ́gẹ́ bí abánigbé ti jẹ́ ẹni tí ó ń bá ni gbé, tí abánikẹ́dùn sì jẹ́ ẹni tí ó ń bá ni kẹ́dùn. Kò sí ẹni tí ó lè jẹ́ abánidíje láìsí ẹnì kejì. Olùdíje kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ inú ìdíje ni olùdíje, ìbáà jẹ́ òun nìkan ni ó forúkọ sílẹ̀. Alátakò ni ẹni tí ó ta ko èrò tàbí ìṣe wa, ó sì lè má wá ohun tí àwa ń wá rárá. Ojúgbà àti akẹgbẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí àwọn kan tilẹ̀ máa ń kó wọn mọ́ ọn.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ kan. Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́, tí Akíntóyè jẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀, jọ du oyè ọba Èkó. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba oyè ní 1845, Akíntóyè sá kúrò nílùú, ó sì dé Àgbádárìgì níkẹyìn. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Oyè kan ṣoṣo ni ó mú kí wọ́n jẹ́ abánidupò. Ìbọn ni ó sọ wọ́n di ọ̀tá. Ní 1854, lẹ́yìn tí Akíntóyè ti kú tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì ti jọba, Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín pé òun kò ní du Èkó mọ́. Ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ lè má yí padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, lórí ìwé, a kò lè pè é ní abánidupò mọ́. Ó padà sí Èkó ní 1862.

Ọ̀tá kò nílò odò kan náà, kò nílò oyè kan náà. Àwọn àgbà ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: bí ọ̀yà tí ó pa ti wù kí ó tóbi tó, a kò ní gbà pé ó tóbi. Abánidíje kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀yà ẹnì kejì ti tóbi tó gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ èyí tí yóò pa.

Ní ti gbólóhùn inú ìwé iṣẹ́ náà, "abánidíje rẹ̀" tọ̀nà, wọn yóò sì fún un ní máàkì rẹ̀. Àmọ́ èdè wa a máa fẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, èyí tí mo sì ní kí ó kọ ni: "Ẹni tí ó ń bá a du ipò kìíní nínú eré ìje náà ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan."