Ọyún ń jáde ní etí ọmọ mi: ṣé kí n kán àdín sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ní ìgbà ọyẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń fa etí ọ̀tún, ó ń sunkún lóru. Láti àná ni ọyún ti ń jáde níbẹ̀, ara sì ti tù ú díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdín sí i, aládùúgbò wa ní omi ọyàn ló dára. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kán ohunkóhun sí etí náà, ìbáà ṣe àdín, ìbáà ṣe omi ọyàn, títí kan oògùn etí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, àfi bí oníṣègùn bá ti fi iná wo inú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ àrùn àárín etí. Ọ̀nà tóóró kan wà tó so ẹ̀yìn imú pọ̀ mọ́ àárín etí. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagun tó ti àgbà, ìdí nìyí tí ọ̀fìnkìn fi tètè ń di etí dídùn fún wọn. Bí ọyún bá kún ibẹ̀, yóò máa ti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní ìlù etí, ìrora náà kì í sì í jẹ́ kí ọmọ sùn. Bí awọ náà bá wá lu, ọyún yóò tú jáde, ara yóò sì tu ọmọ. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ohun tí àwọn kán ló ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ihò ti wà lára awọ náà tí nǹkan lè gbà wọ inú lọ. Oògùn etí bíi gentamicin lè ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí ó bá gba ibẹ̀ kọjá.

Gbígbẹ etí náà ni iṣẹ́ tiyín nílé. Ẹ wá aṣọ òwú tó mọ́, tó sì rọ̀, ẹ lọ́ ọ ṣóńṣó bí òwú fìtílà, ẹ rọra fi sí ihò etí kí ó fa ọyún mu, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, títí èyí tí ẹ bá yọ yóò fi gbẹ. Ẹ máa ṣe é, ó kéré tán, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má fi òwú dí etí náà, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Parasitámọ́ọ̀lù tó bá ìwọ̀n ọmọ mu yóò dín ìrora kù.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí ọyún kò bá tíì pé ọjọ́ 14, amoxicillin tí ọmọ yóò mu ni a sábà máa ń kọ. Bí ó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn etí bá wú tí ó sì ń dun ọmọ, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, bí ọrùn bá le tàbí tí ó ń bì léraléra, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́: ilé ìwòsàn ńlá ti LAUTECH tàbí ti Bowen ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ihò ara ìlù etí sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí omi kò bá wọ̀ ọ́.

Bí etí ọmọ yín bá ti gbẹ, ẹ tún gbé e padà lọ, kí wọ́n wò ó bóyá ihò náà ti dí, kí wọ́n sì yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò.