Èsì: Rédíò tó ń já nínú VLC
Ẹ béèrè ìdí tí rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń já léraléra nínú VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ ohùn tí a sì fi ń wo fídíò. Nínú VLC, ẹ tẹ Ctrl àti N pọ̀ kí àpótí tí a ń kọ àdírẹ́sì sí lè ṣí, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì rédíò náà síbẹ̀; inú fáìlì M3U tí ẹ gbà ló wà, nítorí fáìlì náà kì í ṣe ohùn rárá, àkọsílẹ̀ kékeré tó ń tọ́ka sí ibi tí ohùn wà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí «Show more options», kí ẹ sì sọ Caching (iye ohùn tí VLC ń kó pamọ́ ṣáájú, tí a ń fi ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kà) di 5000 dípò 1000, kí VLC lè kó ohùn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún pamọ́, èyí tí yóò máa lò nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà. Bí ó bá ṣì ń já, ẹ wá ìkànnì rédíò náà tó jẹ́ 64 kbps (kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀.