Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí agbègbè tí omi ti ń ṣàn wọ odò kọ̀ọ̀kan láyé ṣe rí?

Gíga ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe odò gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó) wọn gíga ilẹ̀ láti gbalasa òfurufú fún ọjọ́ 11. Kọ̀ǹpútà wá gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, bíi mítà 90 níbùú lóròó. Ègé kọ̀ọ̀kan á wo àwọn 8 tó yí i ká, á da omi rẹ̀ sí ibi tó dagẹ̀ẹ́rẹ́ jù. Gbogbo ègé tí omi wọn bá já sí ẹnu odò kan náà, agbègbè odò náà nìyẹn.

Igbó kìjikìji bíi ti Amazon máa ń tàn án jẹ o: orí igi ni rédà sábà ń kà sí ilẹ̀.

Tí o bá fẹ́ máàpù ọ̀hún, wá HydroBASINS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.