Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi pe ọkọ̀ Nóà àti àpótí ẹ̀rí ní “ark”?

Nítorí pé àpótí ni “ark” nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Inú èdè Látìn ló ti wá: “arca”, àpótí onídèérí tí wọ́n ń kó owó àti ohun iyebíye sí. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí ìyẹ̀fun náà ń jẹ́ “ark”. Orúkọ ìdílé Arkwright túmọ̀ sí ẹni tó ń kan irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń kọ́ ní Òṣogbo, inú mi sì dùn, torí ó fojú sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè Hébérù lò. “Teva” ni ti Nóà. Òun náà ni wọ́n pe ohun tí wọ́n gbé Mósè ọmọ ọwọ́ sí létí odò. “Aron” ni àpótí ẹ̀rí, tó gùn ní ìgbọ̀nwọ́ méjì àti ààbọ̀ nínú Ẹ́kísódù 25:10. “Aron” kan náà ni wọ́n tẹ́ òkú Jósẹ́fù sí ní Íjíbítì, èyí tí àwa ń pè ní pósí. Gíríìkì àti Látìn ló pa méjèèjì pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn.

Bíbélì Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀: ọkọ̀ àti àpótí. Èyí wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá ní “gbé àpótí wá kí n jókòó”, àga kékeré onígi ló ń béèrè o.