Ẹ Bi Wá: Ṣé sikirínì ńlá kan ti tó níwájú sítíárìn ọkọ̀ onígbòkun?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Southampton ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù ni, àwọn ẹ̀rọ tó wà níwájú sítíárìn ti kú tán. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn dànù kí n ra chartplotter ńlá kan tó máa gbé máàpù, jíjìn omi, atẹ́gùn àti eré sójú kan náà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò wa, ẹ kú oríire ọkọ̀ o, omi á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ sójú kan. Jíjìn omi gbọ́dọ̀ ní sikirínì tiẹ̀ lọ́tọ̀, nọ́ńbà gàdàgbà tẹ́ni tó di sítíárìn mú máa rí láìbẹ̀rẹ̀, torí máàpù yẹn, ẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ fà á síbí sọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ́ ṣí ojú ewé míì, nọ́ńbà á wábi gbà, ìgbà yẹn gan-an ni iyanrìn á sì máa bọ̀ lábẹ́ yín. Solent, omi òkun tó wà níwájú Southampton yín yẹn, kì í ṣe omi tí wọ́n ń fojú di, òkìtì iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Bramble Bank wà láàárín ẹ̀, QE2, ọkọ̀ òkun akérò tó tóbi tó yẹn, há síbẹ̀ lọ́dún 2008. Sikirínì kejì, ẹ fi wo atẹ́gùn. Chartplotter kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó.

Ohun tó ń kó bá èèyàn jù ni pé wọn ò mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń wọn omi. Ara ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló wà, kì í ṣe ojú omi, kì í sì í ṣe ìdí kíìlì, ìyẹn apá tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ká ní ó fi mítà 0.4 wọ omi, kíìlì yín sì wọ mítà 1.7, tó bá kọ 2.0, mítà 0.7 péré ló kù lábẹ́ kíìlì o! Tẹ́ ẹ bá fi 0.4 kún un nínú sẹ́tíìnì, látojú omi lá máa kà, tẹ́ ẹ bá yọ 1.3, èyí tó kù lábẹ́ kíìlì lá máa sọ. Èmi fara mọ́ tàkọ́kọ́, torí iye tí máàpù kọ, tẹ́ ẹ bá ro bí omi ṣe kún sí lásìkò yẹn mọ́ ọn, ó yẹ kó bá tẹ̀rọ mu. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí ẹni tó bá gba sítíárìn lọ́wọ́ yín lè mọ̀, kẹ́ ẹ wá so òjé mọ́ okùn, ẹ jù ú sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ fi wọ́n wéra.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọ gíláàsì òòrùn yín nínú ṣọ́ọ̀bù, tó bá jẹ́ polarised, ẹ dorí sọ́tùn-ún sósì, àwọn sikirínì kan á kàn dúdú kirikiri ni.

Wáyà ńkọ́? NMEA 2000, ìlànà wáyà tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ lò, wáyà ìyá kan, resistor ní ìdí méjèèjì, iná látinú bátìrì gba fíúsì wọ̀ ọ́ níbì kan ṣoṣo, wáyà tó ya lọ sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ ju mítà 6 lọ. Ẹ pa iná, ẹ fi tester sáàárín wáyà funfun àti búlúù, nǹkan bí ohm 60 ló yẹ kó kọ, tó bá kọ 120, ọ̀kan nínú resistor méjèèjì ni ò sí níbẹ̀ yẹn.

Ẹ má tíì lu ihò kankan o. Ẹ fi téèpù mú ẹ̀rọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tan án, ẹ pa á, kẹ́ ẹ máa wo kọ́ńpáàsì, tó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ sún ẹ̀rọ yẹn jìnnà sí kọ́ńpáàsì sí i. Sípíkà náà, ẹ má gbé e súnmọ́ ibẹ̀.